Òṣùwọ̀n Ìbò ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú kan, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní sọ ẹni tí ẹ ó dìbò fún. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni. Bí ìdí kóńgò bá tẹ̀ wọ inú lọ́wọ́ obìnrin tí ń ta gàrí ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, kíákíá ni oníbàárà yóò nàka sí i, ariwo yóò sì ta. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún oníbàárà náà pé kí ó mú sùúrù fún ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kan wà tí a fi ń wọn ìbò wa, tí ìdí rẹ̀ ti tẹ̀ wọlé láti ọjọ́ pípẹ́, àwa tí a sì kàwé, tí a ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú, a kò tíì nàka sí i.

Òṣùwọ̀n náà ni àwọn agbègbè ìdìbò tí a pín Ìpínlẹ̀ Oǹdó sí. Mẹ́sàn-án ni àwọn tí ń rán aṣojú kọ̀ọ̀kan lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá. Àkúrẹ́ Àríwá àti Àkúrẹ́ Gúúsù jẹ́ ọ̀kan. Oǹdó Ìlà-Oòrùn àti Oǹdó Ìwọ̀-Oòrùn jẹ́ ọ̀kan. Ìdànrè àti Ìfẹ́dọ̀rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Àwọn mẹ́fà yòókù wà ní ìhà Ọ̀wọ̀ àti Àkókó, àti ní ìhà Òkìtìpupa títí dé etí òkun. Ọdún 1996 ni a fa ìlà wọ̀nyí, lábẹ́ ìjọba ológun Ọ̀gágun Sani Abacha, ní ọdún náà gan-an tí a yọ Èkìtì kúrò lára wa ní ọjọ́ kìíní oṣù October. Láti ìgbà tí ìjọba alágbádá ti padà dé ní 1999 títí dé 2023, ìgbà méje ni a ti ṣe ìdìbò gbogbogbòò lórí ìlà wọ̀nyí, a kò sì tún wọn fà. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí a fà wọ́n ti di ẹni tí ń gbé ọmọ tirẹ̀ pọ̀n.

Òfin kò ṣàìsọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ìwé Òfin-Ìpìlẹ̀ ọdún 1999, ní ìpín 73, pàṣẹ fún Àjọ Elétò Ìdìbò, INEC, pé kí ó máa yẹ àwọn agbègbè wọ̀nyí wò, ní àlàfo tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú olùkọ́ wo gbólóhùn yìí. Ó sọ ìgbà tí ó yá jù. Kò sọ ìgbà tí ó pẹ́ jù. Bí a bá sọ fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pé kí ó má ṣe mú iṣẹ́ rẹ̀ wá kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, tí a kò sì dá ọjọ́ tí ó gbọdọ̀ mú un dé fún un, ta ni yóò bá ọmọ náà wí bí ó bá tọ́jú rẹ̀ sílé títí tí a fi gba ìsinmi? Ìpín 72 ẹ̀wẹ̀ sọ pé kí ilẹ̀ agbègbè kan so mọ́ ara wọn, kí iye ènìyàn inú rẹ̀ sì sún mọ́ ìwọ̀n kan náà bí ó ti lè ṣeé ṣe tó. Ìpín 74 ni ó wá gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíràn: bí INEC bá tilẹ̀ tún ìlà fà, kò lè di lílò àfi bí Ilé Ìgbìmọ̀ méjèèjì ní Àbújá bá fọwọ́ sí i, tí sáà àwọn tí ó wà lórí àga sì parí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwà ènìyàn, ẹ rò ó wò. Ẹni tí ó jókòó lórí ẹní ni a ní kí ó fọwọ́ sí i pé kí a ká ẹní náà.

Wàyí o, kí a ka iye. Ìkànìyàn tí a ṣe kẹ́yìn ní ilẹ̀ Nàìjíríà ni ti oṣù March 2006. Òun pàápàá ti gbó, ṣùgbọ́n òun ni ó wà lọ́wọ́. Nínú ìkànìyàn náà, àwọn ará Àkúrẹ́ Gúúsù lé ní 350,000, àwọn ti Àkúrẹ́ Àríwá sì tó 130,000. Àpapọ̀ wọn lé ní 480,000. Oǹdó méjèèjì papọ̀ jẹ́ bí 360,000. Ìdànrè àti Ìfẹ́dọ̀rẹ̀ papọ̀ lé díẹ̀ ní 300,000. Ẹnì kọ̀ọ̀kan péré ni agbègbè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rán lọ sí Àbújá. Ìyẹn ni pé ènìyàn méjì ní Ìdànrè tẹ̀wọ̀n tó ènìyàn mẹ́ta ní Àkúrẹ́, ó tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ tún wo bí a ti so ìlú mọ́ra: ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láti Ìdànrè tí ó ń lọ sí Ìgbàrà-Òkè ní Ìfẹ́dọ̀rẹ̀, inú Àkúrẹ́ ni yóò gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ní aṣojú kan náà.

Ti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ ní Àkúrẹ́ níhìn-ín burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjókòó 26 ni ó wà níbẹ̀. Àkúrẹ́ Gúúsù ní méjì. Oǹdó Ìwọ̀-Oòrùn, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ lé ní 280,000 ní 2006, ní méjì. Oǹdó Ìlà-Oòrùn, tí olú-ilé ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ wà ní Bọ́lọ́runduró, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò ju bí 75,000 lọ, ní ọ̀kan. Aṣòfin kan láti Àkúrẹ́ Gúúsù ń ru ẹrù 175,000 ènìyàn. Ẹnì kejì rẹ̀ tí wọ́n jọ jókòó lórí àga kan náà, tí ohùn wọn sì dọ́gba, ń ru ti 75,000. Kí a má tilẹ̀ gbàgbé pé ìpín 91 inú Òfin-Ìpìlẹ̀ sọ pé iye ìjókòó ilé yìí yóò jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin iye àwọn aṣojú tí Ìpínlẹ̀ ní ní Àbújá. Mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 27. Àwa ní 26. Ọmọ kíláàsì kẹta yóò rí ọ̀kan tí ó kù.

Ní sáà tí ó kọjá, a gbé ìṣirò yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, a kò sì kọ́kọ́ dárúkọ ìlú kankan. A ní: wọ́n gbé abọ́ iyán kan fún ènìyàn 75 ní yàrá kan, wọ́n gbé abọ́ méjì tí ó tóbi bákan náà fún ènìyàn 350 ní yàrá kejì; ẹ ṣírò ohun tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹni tí ó pín iyán bẹ́ẹ̀ ń wá ìjà sínú ilé ni. Nígbà tí a wá kọ orúkọ Àkúrẹ́ Gúúsù àti Oǹdó Ìlà-Oòrùn sí ojú pátákó, kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọbìnrin kan tí ilé rẹ̀ wà ní ìhà Bọ́lọ́runduró ni ó nawọ́ sókè. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, bí ó bá jẹ́ àwa ni iyán wa pọ̀ tó báyìí, èé ṣe tí ebi ń pa wá? Bí òjò bá rọ̀, ọkọ̀ kì í dé abà bàbá mi.” A fún un ní ìdáhùn kan, kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò tẹ́ àwa náà lọ́rùn. A ó padà sórí ìbéèrè rẹ̀.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó bá ka iye wọ̀nyí ṣàkíyèsí, nítorí pé òun ni ó mú wa gbé kálàmù. Bí a bá ro gbogbo ènìyàn Ìpínlẹ̀ yìí ní 2006 pọ̀, tí a pín wọn sí mẹ́sàn-án, ohun tí ó kan agbègbè kọ̀ọ̀kan lé díẹ̀ ní 380,000. Bí a bá sì ro ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tí ó wà ní Oǹdó Àárín nìkan pọ̀, ìyẹn Àkúrẹ́ méjèèjì, Oǹdó méjèèjì, Ìdànrè àti Ìfẹ́dọ̀rẹ̀, tí a pín wọn sí mẹ́ta, ohun tí ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan lé díẹ̀ ní 380,000 bákan náà. Ẹ kò rí i bí? Kò sí ará Àkókó kan tí ó jẹ wá ní gbèsè ìjókòó, kò sì sí ará Òkìtìpupa tí ó jí tiwa gbé. Ìpín tí ó tọ́ sí wa ní Àbújá wà lọ́wọ́ wa pé pérépéré. A gé e ní ìgékúgèé láàárín ara wa ni. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Bí ọ̀rọ̀ bá sì jẹ́ ti inú ilé, kì í ṣe Àbújá ni ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan hàn, kì í ṣe pé a ní dandan òun ni kí a ṣe. Bí Àkúrẹ́ Gúúsù bá dá dúró, tí Oǹdó méjèèjì wà bí wọ́n ti wà, tí Àkúrẹ́ Àríwá sì bá Ìdànrè àti Ìfẹ́dọ̀rẹ̀ lọ, àlàfo tí ó wà láàárín agbègbè tí ó tóbi jù àti èyí tí ó kéré jù, tí ó jẹ́ bí 180,000 lórí ìkànìyàn 2006, yóò wálẹ̀ sí bí 80,000. Oǹdó kò ní pàdánù ẹyọ ilé kan. Ìṣirò tí ó rọrùn ni. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kò rọrùn, nítorí pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

A ti ń gbọ́ ohùn tí yóò dáhùn. Àwọn kan ní Àkúrẹ́ yóò wí pé, “Ṣé ẹ fẹ́ gé Àkúrẹ́ sí méjì ni?” Àwọn kan ní Ìjù àti Ìtaògbólú yóò yọ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ òdì ni, nítorí wọn yóò rò pé a ti fi ìlà ìdìbò dá ẹjọ́ adé tí ó ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní Oǹdó, àwọn tí ara tù yóò ní kí a jẹ́ kí ajá tí ó sùn máa sùn jẹ́jẹ́. Olúkúlùkù yóò sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni a fẹ́ wọ̀n.

Níbí ni a fẹ́ bá àwọn Ìjòyè wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀. Ààlà ìdìbò kì í ṣe ààlà ilẹ̀, kì í ṣe ààlà adé. Ipò Lísà ní Àkúrẹ́ àti ipò Lísà ní Oǹdó kò ti ọwọ́ INEC wá, INEC kò sì lè gbà á. Ọ̀bà-Ilé wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Àkúrẹ́ Àríwá. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá kọ́lé síbẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, tí ó ń jí lọ sí ibi iṣẹ́ ní Àkúrẹ́ Gúúsù, tí ó sì ń ra ọbẹ̀ bọ̀ láti ibẹ̀, kò mọ ìgbà tí òun ré ìlà náà kọjá láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ilé ti so mọ́ ilé. Ìlà tí ó gba àárín wọn kọjá kò sọ Ọ̀bà-Ilé di àjèjì sí Àkúrẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gba ìtàn Ọ̀bà-Ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá sún ìlà náà síwá tàbí sẹ́yìn, kò sí oko kankan tí yóò yí padà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.

A mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti wá. Lábẹ́ Òfin-Ìpìlẹ̀ ọdún 1922, Èkó àti Calabar nìkan ni ó ń dìbò. Àkúrẹ́ àti Oǹdó kò ní ohùn kankan. Nígbà tí ìdìbò dé ọ̀dọ̀ wa ní 1951, fún ìjókòó 80 tí a ó dìbò yàn nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, ìpele ìpele ni a fi ń dìbò: a ń yàn láti abúlé, a ń yàn láti ìlú, títí a fi dé ti Division. Division náà sì sún mọ́ ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ mọ́ Ọba wọn. Àwọn ará Oǹdó lọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú kan, nínú ẹgbẹ́ Ondo Improvement League, wọ́n gba ìjókòó méjì, àwọn aṣojú wọn sì bá Action Group lọ, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní gbangba ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù April ọdún náà. Kò burú ní ìgbà náà. Ìlú ni ó kọ́ wa ní ìdìbò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni a ti gbà pé aṣojú jẹ́ ohun ìlú bí ilà ojú, àti pé ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ìlà ìdìbò, orí adé ni ó fọwọ́ kàn.

Ẹ wo ohun tí ìgbàgbọ́ yìí ń ṣe ní ibi tí kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 2 oṣù December 2022, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ kí INEC tún agbègbè ìdìbò Warri fà ní Ìpínlẹ̀ Delta, ibi tí àwọn Itsekiri, Ijaw àti Urhobo jọ ń gbé. Nígbà tí INEC gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ ní oṣù April 2025, ariwo ta, àwọn ọmọ Itsekiri jáde láti takò ó, wọ́n ní a fẹ́ gba ilẹ̀ àwọn fún ẹlòmíràn. Àwa kò sí nípò láti dá ẹjọ́ wọn. Ohun tí a rí ni pé nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́ kí ó tó dé gbọ̀ngàn ìlú, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ iye mọ́. Orúkọ bàbá ńlá nìkan ni à ń pè. Tiwa kò tíì dé ilé-ẹjọ́. Èyí ni àǹfààní tí a ní.

Àwọn kan sì ń bẹ̀rù ní ọ̀nà mìíràn, pé bí a bá ti ṣí ilẹ̀kùn àtúnfà ìlà, àwọn olóṣèlú yóò gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀rù náà ní ìdí. Ní Amẹ́ríkà, ibi tí wọ́n ti máa ń tún ìlà fà lẹ́yìn ìkànìyàn ọlọ́dún mẹ́wàá mẹ́wàá, àwọn aṣòfin Texas kò dúró dé ìgbà rẹ̀: ní oṣù August 2025 wọ́n tún ìlà wọn gé kí ẹgbẹ́ Republican lè rí ìjókòó márùn-ún sí i, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 4 oṣù November, àwọn ará California dìbò láti gé tiwọn padà fún ẹgbẹ́ kejì. Ọ̀bẹ wọn mú jù, wọ́n sì ń fà á yọ nígbàkígbà. Ṣùgbọ́n àìlo ọ̀bẹ rárá náà ní ìtìjú tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di 1832, òkè kan tí wọ́n ń pè ní Old Sarum, tí ìlú orí rẹ̀ ti di ahoro, ń rán ènìyàn méjì lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ ní London, nígbà tí Manchester pẹ̀lú gbogbo èrò inú rẹ̀ kò ní ẹyọ kan. Kò sí ẹni tí ó fi ọgbọ́n àrékérekè dá èyí sílẹ̀. Wọ́n kàn jókòó tì í ni, bí àwa náà ti jókòó.

Ẹlòmíràn yóò tún wí pé kí a má dá iná sílẹ̀ ní Àkúrẹ́, nítorí a kò tíì gbàgbé oṣù August 1983. Àwa náà kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n kí ni ó dá iná náà? Kì í ṣe pé a ka ènìyàn tàbí pé a wọn ilẹ̀. Iye ìbò tí àwọn ènìyàn kò gbàgbọ́ ni a fi kéde Akin Omoboriowo ní Gómìnà, ilé jó, ènìyàn kú, kí ilé-ẹjọ́ tó dá ipò padà fún Michael Ajasin. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù iná gbọ́dọ̀ bẹ̀rù iye tí kò jóòótọ́ ju bí ó ti ń bẹ̀rù ìkàwé tí ó ṣe déédéé.

Ìgbà kan wà tí INEC ṣe ohun tí ó dára, tí a sì gbọ́dọ̀ yìn ín fún. Ní 2021, ó fi kún àwọn ibùdó ìdìbò ní gbogbo Nàìjíríà, láti 119,974 dé 176,846. Ní Ìpínlẹ̀ wa, 3,009 di 3,933. Kò sí Ìjòyè kan tí ó takò ó, kò sì sí adé tí ó ṣí kúrò lórí. Ọ̀nà àbáwọlé ti pọ̀ sí i; yàrá ni kò tíì yí padà.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ni pé kí a ka ènìyàn. Ìkànìyàn tí ìjọba ti palẹ̀ mọ́ fún oṣù May 2023 ni a sún síwájú kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a bá sì wá kà á, ọwọ́ tiwa náà kò mọ́ tó. A rí i ní 2006: ẹni tí ń gbé Àkúrẹ́, tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Àkúrẹ́, tí ó ń mu omi Àkúrẹ́, di ẹrù rẹ̀, ó gba abúlé bàbá rẹ̀ lọ kí a lè kà á síbẹ̀, kí iye abúlé má baà kéré. Lẹ́yìn náà ó padà wá, ó ń ráhùn pé àga kò tó ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní Oǹdó, ọ̀rọ̀ náà tún lọ́jú pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, nítorí àgbẹ̀ kòkó kan lè ní ilé ní ìgboro, kí ó ní abà ní Oǹdó Ìlà-Oòrùn, kí ó sì tún ní òmíràn níwájú ní ìhà Òdìgbó. Ibi tí ó bá sùn ní alẹ́ ọjọ́ ìkànìyàn ni ó yẹ kí a kà á sí, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìjòyè tí ó bá ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n wá sílé wá kún iye, òun gan-an ni ó ń tẹ ìdí kóńgò wọlé.

A padà dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin Bọ́lọ́runduró. Ìbéèrè rẹ̀ wúlò fún àwọn Ìjòyè ìhà rẹ̀ ju fún ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n ti di àga tí ó ju òṣùwọ̀n wọn lọ mú fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sọ ọ̀nà wọn di dídán. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ bí ojú kò so èso tí wọ́n rò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ará Àkúrẹ́ má ṣe rò pé bí òun bá rí ìjókòó kan sí i, omi yóò sun nínú ẹ̀rọ lọ́la. Aṣojú tí ènìyàn 175,000 ń pè kò lè mọ orúkọ ẹni tí ń pè é. Ìdí nìyí tí a fi ń bèèrè òṣùwọ̀n tí ó tọ́, kí ẹni tí a rán lè mọ ẹni tí ó rán an. Ohun tí yóò ṣe lẹ́yìn ìyẹn wà lọ́wọ́ ìwà rẹ̀ àti lọ́wọ́ bí a bá ti ṣọ́ ọ tó.

Àbá wa rèé. Nígbà tí Jóṣúà fẹ́ pín ilẹ̀ tí ó kù fún àwọn ẹ̀yà tí kò tíì rí tiwọn gbà, kò gé e láti inú àgọ́. Ẹni mẹ́ta mẹ́ta ni ó ní kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan yàn, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà já, kí wọ́n sì kọ ìlú rẹ̀ sínú ìwé kí ó tó pín in. A rọ àwọn Ọba àti Ìjòyè inú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ti Oǹdó Àárín pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀: ẹni mẹ́ta mẹ́ta, 18 lápapọ̀, kí obìnrin wà nínú wọn, kí wọ́n má sì jẹ́ ẹni tí ń wá ipò. Kí wọ́n rìn láti Ìjù dé Bọ́lọ́runduró, láti Ìgbàrà-Òkè dé Ìdànrè, kí wọ́n kọ ibi tí ilé ti so mọ́ ilé, ibi tí ọjà kan náà wà, ibi tí ọ̀nà gbà, kí wọ́n sì fẹnu kò sórí ìlà tí wọ́n rò pé ó tọ́. Èyí ni a ó gbé lé INEC lọ́wọ́, a ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn aṣojú wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti sí Sẹ́nítọ̀ wa, kí wọ́n dáhùn ní kíkọ bóyá wọn yóò fọwọ́ sí i nígbà tí ó bá dé iwájú wọn.

Ẹgbẹ́ wa ti kọ ìwé ìbéèrè sí àwọn Ọba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí a ó kọ́kọ́ lọ bá. Ó wà lọ́wọ́ Akọ̀wé. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ fi orúkọ yín sí i, ẹ wá kí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ tó pé. Ẹ kọ ibi tí ẹ ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ, ẹ má ṣe kọ ìlú bàbá yín.